Lọ́rì Aláwọ̀ Méjì

Ògiri tí bàbá bàbá mi fi amọ̀ pupa mọ ní Máṣífà
ti ń tẹ̀ bí arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.
Páànù ti dógùn-ún. Fèrèsé ti lọ.
Ewúrẹ́ ló ń gbé yàrá, kò sì sanwó ilé.

Ẹbí ní ká wó o, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin.
Mo ní ẹ fún mi ní ẹ̀ẹ̀rùn kan péré.
Mo ra ẹfun, mo gún èédú,
mo bu ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun ilé ìwé wa.
Tíṣà àwòrán ni mí. Ọ̀gá wa ò bi mí ní nǹkan kan,
ó kàn ní kí n má gbàgbé garawa òun.

Mo gbé àpótí síta. Mo ní
ẹni tó bá rántí ohunkóhun, kó wá jókòó.

Ọjọ́ kìíní, ajá nìkan ló wá.
Ọjọ́ kejì, Bàbá Oyèlàkin tó ń tún rédíò ṣe
dúró, kò jókòó, ó ní,
"Ya igi kaṣú tó wà níbi tí báńkì wà báyìí.
Ẹ̀ka rẹ̀ kan ká bí ìgbọ̀nwọ́. Orí rẹ̀ ni mo ti já bọ́."
Ó ká ṣòkòtò sókè, ó fi àpá hàn mí.
Mo ya igi. Mo ya àpá sára igi.

Ló bá di pé wọ́n ń dé.
Ẹnì kan mú bọ́tìnì wá,
ẹnì kan mú rìsíìtì owó orí tí ikán ti jẹ ní ìdajì,
ẹnì kan ò mú nǹkan kan àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wúkọ́:
ó wú u kí n gbọ́, mo fi eérú ya á.

Ọ̀rọ̀ lọ́rì ló wá dájà sílẹ̀.
Lọ́rì tó kó wọn dé láti Gáná
lọ́dún tí wọ́n ní kí àlejò palẹ̀ mọ́.
Ìyá Tàmálè ní pupa ni, pupa bí ojú ẹni tí kò sùn.
Sàlámátù àbúrò rẹ̀ ní, "Irọ́! Àwọ̀ ewé ni.
Èmi ni mo fẹ̀yìn tì í, ọ̀dà rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."
"Ọmọ ọdún mẹ́rin rántí kí ni?"
"Ẹni tó sunkún láti Tàmálè títí a fi já Dàhòmì, ó rí kí ni?"
Wọ́n kọ̀yìn síra wọn lórí àpótí kan ṣoṣo.

Ẹnu méjì, ògiri kan.
Mo kun iwájú ní pupa, mo kun ẹ̀yìn ní àwọ̀ ewé.
Níbi tí wọ́n ti pàdé, ó di àwọ̀ obì.
Wọ́n wò ó, ó pẹ́.
Ìyá Tàmálè ní, "Òun nìyẹn."
Sàlámátù ní, "Ibi tó dà bí obì yẹn gan-an la jókòó sí."

Mo ka orí inú ọkọ̀. "Ṣé ó ku ẹnì kan?"
Ìyá Tàmálè ní kí n má ya á.
Ó fi èékánná gbẹ́ amọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó wé gèlè dúdú,
ihò tí kò ju kóró kaṣú lọ.
"A ò rí i gbé délé," ó ní. "Jẹ́ kó níbi tó máa wọ̀ sí."
Kò dárúkọ. N kò bèèrè.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lóru.
Mo sáré jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì; ikọ́ ti ń ṣàn lọ,
àmọ́ mo bá Sàlámátù níbẹ̀ tó di etí tapólì mú,
Bàbá Oyèlàkin di ìkejì,
Gbádébọ̀, àbúrò bàbá mi, òun tó ni ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù,
di ìkẹta, ó ń kùn.
"Ẹ̀ẹ̀rùn kan lo tọrọ."
"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."
"Èyí ò kà. Òjò ti yá jù."

Láàárọ̀, wọ́n ti ń gún èédú mìíràn.
Agbọ́n kan ń fi amọ̀ kọ́lé sẹ́nu ihò kékeré yẹn.
Kò sẹ́ni tó lé e.